Irú iná wo ló yẹ yàrá àdúrà àwọn ará Íńdíà nínú ilé? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, Ṣágámù ni mo wà

OníInáMàkún

Ẹ kú àárọ̀ o gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á, ó máa gùn díẹ̀, mo fẹ́ kó yé yín dáadáa kẹ́ ẹ tó dá mi lóhùn ni.

Iṣẹ́ wáyà ni mò ń ṣe níbí ní Ṣágámù, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti gba fírídọ̀mù. Ìdílé ará Íńdíà kan, ẹlẹ́sìn Híńdù, wà tí bàbá wọn ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan lápá Ògijo, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ilé tí wọ́n rẹ́ǹtì, ni wọ́n bá pè mí kí n wá bá àwọn ṣe iná ẹ̀. Pálọ̀, kíṣìnì, bẹ́dírúùmù, gbogbo ẹ̀ ti parí, kò sí wàhálà kankan níbẹ̀. Ibi tó ti wá le ni yàrá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíṣìnì, fíìtì mẹ́jọ sí mẹ́fà, wọ́n ń kẹ́rù sí i tẹ́lẹ̀ ni, kò ní fèrèsé àfi ihò atẹ́gùn kan lókè. Ibẹ̀ ni wọ́n fẹ́ máa gbàdúrà. Wọ́n gbé ilé onígi kékeré kan wá síbẹ̀, igi gbígbẹ́ dáadáa, ó ní òpó, ó ní òrùlé, mandir ni wọ́n ń pè é. Inú ẹ̀ ni wọ́n kó ère wọn sí, Ganesha tó ní orí erin, idẹ ni wọ́n fi ṣe ìyẹn, Lakshmi náà, àti Krishna tó ń fọn fèrè, mábù funfun nìyẹn.

Èmi, tìfẹ́tìfẹ́ ni mo fi so páànẹ̀lì 18 wáàtì mọ́ àárín sílíìnì, délàìtì, èyí tó máa ń funfun báláú yẹn. Mo rò pé ibi àdúrà ló yẹ kó mọ́lẹ̀ jù nínú ilé. Ìyàwó ilé wòkè, ó dúpẹ́, àmọ́ ojú ẹ̀ sọ fún mi pé kò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn lojú mi là. Ìyá ọkọ ẹ̀, ìyá àgbà kan tó máa ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọlé pẹ̀lú àtùpà idẹ kékeré lọ́wọ́. Ó jókòó sílẹ̀, ó mú òwú, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yí i pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ títí ó fi di okùn tín-ín-rín, ó rì í bọ inú òróró, ó fa orí ẹ̀ jáde díẹ̀, ó wá ṣáná sí i. Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò rí iná yẹn. Ó ń jó o, àmọ́ páànẹ̀lì tí mo so sókè ti gbé e mì, ère idẹ yẹn ń dán bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, àwòrán páànẹ̀lì ló hàn níwájú orí ẹ̀, ojú ẹ̀ gan-an ò hàn. Ìyá yẹn ò gbọ́ Yorùbá, kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ òyìnbó, ó kàn nawọ́ sí súwíìṣì. Mo pa á. Háà! Bí mo ṣe pa á báyìí ni àtùpà kékeré yẹn gba gbogbo yàrá, ojú ère yẹn wá rọ̀, ó dà bíi pé ó ń mí. Gbogbo wa dákẹ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti fọkàn balẹ̀. Ẹnì kan ò bínú sí mi, wọ́n tiẹ̀ ti sanwó, àmọ́ mi ò fẹ́ fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọn ò kúkú lè máa jókòó nínú òkùnkùn, ìyá àgbà máa ń kàwé àdúrà, ojú ẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, àwọn ọmọ méjì náà ń sáré wọlé sáré jáde. Torí náà irú gílóòbù wo ni kí n rà, ibo ni kí n so ó sí, ṣé òfin wà nínú ẹ̀sìn wọn lórí iná ni, àti pé ṣé àwọn sítírípù, iná tẹ́ẹ́rẹ́ bíi rìbọ́n, aláràbarà tó ń yí àwọ̀ yẹn bójú mu níbẹ̀? Wọ́n ní kó parí kí ọdún Diwali wọn tó dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ni kó dá mi lóhùn.

MámàÌpẹru

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́, orí ẹ pé tó o béèrè. Mo se oúnjẹ fáwọn ará Íńdíà fún ọdún mẹ́sàn-án ní Ìlúpéjú l'Ékòó kí n tó padà wálé, mi ò mọ nǹkan kan nípa wáyà àmọ́ mo mọ yàrá yẹn torí mo máa ń bá wọn gbálẹ̀ ẹ̀.

Àkọ́kọ́ ná, bàtà ò gbọdọ̀ wọbẹ̀. Àti pé bẹ́líìtì aláwọ tẹ́ ẹ̀yin oníṣẹ́ iná máa ń kó tẹ́sítà àti páláyà sí yẹn, bó bá jẹ́ awọ gidi ni, tú u sílẹ̀ síta kó o tó wọlé, torí màálù ni awọ yẹn, màálù ò sì kéré lọ́dọ̀ wọn. Wọn ò ní sọ ọ́ fún ẹ o, wọ́n á kàn máa wò ẹ́.

Àtùpà tó o rí yẹn, òun gan-an ni. Diya ni wọ́n ń pè é. Láàárọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá wẹ̀ tán àti nígbà tílẹ̀ bá ń ṣú ni wọ́n máa ń tàn án, òróró yànmọtí làwọn kan ń lò, àwọn mìíràn gíì, ìyẹn bọ́tà tí wọ́n yọ́ lórí iná títí omi inú ẹ̀ fi gbẹ. Wọn kì í fẹnu fẹ́ ẹ pa. Mo ti fẹnu fẹ́ ẹ rí láìmọ̀, màdáámù mi sáré gbá ọwọ́ mi mú, ó ní èémí ẹnu ò yẹ iná yẹn, wọ́n á fi òdòdó tàbí ọwọ́ rọra pa á tàbí kí wọ́n jẹ́ kó kú fúnra ẹ̀. Tí wọ́n bá ń ṣe aarti, wọ́n á gbé iná náà, wọ́n á máa yí i po níwájú ère bí ọwọ́ agogo ṣe ń yí, wọ́n á lu agogo kékeré, lẹ́yìn náà oníkálukú á na àtẹ́lẹwọ́ sórí iná yẹn fẹ́ẹ́rẹ́ á fi kan ojú àti orí ara ẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń ṣe ìyẹn màdáámù á pa iná ńlá. Ìdí nìyẹn tí ìyá yẹn fi nawọ́ sí súwíìṣì.

Ohun kan tún wà. Káfúrà wà tí wọ́n máa ń jó níbẹ̀. Bí wọ́n bá rán ẹ lọ rà á, má lọ ra káfúrà tí à ń jù sínú àpótí aṣọ wa o! Nafutalíìnì ni ìyẹn, èéfín ẹ̀ kì í ṣe ohun téèyàn ń fà símú. Ti wọn, ara igi kan ni wọ́n ti ń yọ ọ́ látilẹ̀, ó máa ń jó tán pátápátá láì fi eérú sílẹ̀, àmọ́ èéfín ẹ̀ dúdú, á kun sílíìnì ẹ dúdú tó bá yá, kó o mọ̀ kó o tó fi ọ̀dà funfun kùn ún.

Bi wọ́n bóyá wọ́n máa ń tan èyí tí kì í kú. Àwọn tí mo bá ṣiṣẹ́, àsìkò ọdún Navaratri wọn, òru mẹ́sàn-án gbáko ni àtùpà kan máa ń wà lójúfò. Àwọn míì ò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn ò rí bákan náà, ará ìpínlẹ̀ Kerala ní àtùpà idẹ gíga tó ń dúró lórí ilẹ̀, tàwọn ará ìpínlẹ̀ Gujarat yàtọ̀. Béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà yẹn gan-an, má béèrè lọ́wọ́ bàbá tó ń lọ síṣẹ́.

WáyàÒde

Àbúrò, ìbéèrè gidi nìyí, mo sì fẹ́ràn bó o ṣe sọ òtítọ́ nípa páànẹ̀lì yẹn. Èmi náà, Ìjẹ̀bú-Òde ni mo wà, lápá Ìbàdàn Road, láti 2004 ni mo ti ń ṣe é, jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀.

Ohun tí Mámà sọ yẹn ni kó o fi ṣe ìpìlẹ̀. Àtùpà yẹn ni ọba inú yàrá, gbogbo iná tí ìwọ bá máa so, ìránṣẹ́ ẹ̀ ni. Wo ara páálí gílóòbù, wàá rí nọ́ńbà tí K wà lẹ́yìn ẹ̀. 6500K ni délàìtì tó o so, òun ló funfun tó ń fẹ́ di búlúù yẹn. Bí nọ́ńbà yẹn ṣe ń kéré sí i ni iná á máa pọ́n sí i. Iná àbẹ́là tàbí ti àtùpà olóróró ò ju bíi 1,900K lọ, torí náà tó o bá fi 6500K sórí ẹ̀, bíi kéèyàn máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ kí ẹlòmíì wá tan jẹnẹrétọ̀ sí i létí ni. 2700K ni kó o rà, tó ò bá rí i kó o mú 3000K, wọ́ọ̀mù wáìtì lawọn onísọ́ọ̀bù ń pè é. Kí gbogbo gílóòbù inú yàrá yẹn sì jẹ́ nọ́ńbà kan náà, má da 2700 pọ̀ mọ́ 4000, ojú á mọ̀ ọ́n kíá.

Èkejì, CRI. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í wò ó rárá, òun ló sì ń fi bí iná ṣe ń gbé àwọ̀ jáde hàn, 100 ni òpin ẹ̀. Ilé àdúrà wọn, àwọ̀ ló kún ibẹ̀, àtíkè pupa tí wọ́n ń fi sí iwájú orí, òdòdó olómi ọsàn, aṣọ ère, idẹ. Tí CRI bá wálẹ̀, pupa yẹn á dà bí ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ. Wá 90 sókè. Ó wọ́n díẹ̀ ju ti gbẹ̀fẹ́ lọ, àmọ́ gílóòbù mélòó la fẹ́ rà.

Ní ti ibi tó o máa so wọ́n sí, má so ohunkóhun sí àtàrí ère gangan. Iná tó bá ti òkè bọ́ sílẹ̀ tààrà á jẹ́ kí abẹ́ ojú àti abẹ́ imú ṣókùnkùn, á dà bí òkú, wo ẹnikẹ́ni tó bá dúró sábẹ́ gílóòbù wàá rí i. Spótù láìtì kékeré méjì, 3 wáàtì tàbí 5, ni kó o fi síwájú, ọ̀kan lọ́tùn-ún ọ̀kan lósì, kó o dẹ orí wọn sí ère ní bíi dígírì 30 sí ìlà òòró. Tó o bá so ó tán, jókòó sílẹ̀ níbi tí ìyá àgbà máa ń jókòó sí, má dúró o, jókòó gan-an, kó o wo bóyá gílóòbù ń gún ẹ lójú àti bóyá ó ń hàn lára idẹ. Orí ìdúró la ti máa ń yẹ iṣẹ́ wa wò, orí ìjókòó sì ni wọ́n ti ń gbàdúrà.

Sítírípù dáa gan-an nínú ilé onígi yẹn, lẹ́yìn ère tàbí lábẹ́ òrùlé ẹ̀, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rí sítírípù fúnra ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ nìkan. Fi sínú ọ̀pá alumíníọ̀mù tó ní ìbòrí funfun yẹn, tàbí kó o ra COB, èyí tí iná inú ẹ̀ kì í hàn ní ẹyọ ẹyọ, torí tó bá jẹ́ ẹlẹ́yọ ẹyọ, àmì tó-tò-tó ló máa hàn lára idẹ. 12 fóòtì ni kó o lò. Èyí tó ń jẹ 4.8 wáàtì ní mítà kan ti tó, mítà méjì péré lo máa lò, ìyẹn bíi 10 wáàtì, adápútà 2A á gbé e láì gbóná. Ibi tí wọ́n ya àmì sí nìkan ni kó o ti gé e. Adápútà yẹn ńkọ́? Má fi sínú ilé onígi yẹn láéláé, gbé e síta níbi tí atẹ́gùn ti lè kàn án.

Súwíìṣì, ya wọ́n sọ́tọ̀. Spótù lọ́tọ̀, sítírípù lọ́tọ̀, iná ìkàwé lọ́tọ̀. Iná ìkàwé yẹn, ara ògiri ni kó wà, lẹ́yìn èjìká ìyá yẹn lápá òsì tó bá ń fi ọwọ́ ọ̀tún ṣí ìwé, kó má bàa di pé òjìji ọwọ́ ẹ̀ ló ń kà. Fi dímà, èyí tí wọ́n fi ń dín ìmọ́lẹ̀ kù, sí ti spótù, àmọ́ wo ara páálí dáadáa kó o rí i pé wọ́n kọ ọ́ pé gílóòbù yẹn gba dímà, tí kò bá gbà á á máa ṣẹ́jú pì pì pì, ìyẹn sì burú ju òkùnkùn lọ fún ẹni tó ń gbàdúrà.

Gbogbo ẹ̀ tó o bá rò ó pọ̀, spótù méjì 10, sítírípù 10, iná ìkàwé 5, wáàtì 25 ni. Ínfátà tó ní bátìrì 12 fóòtì 200Ah kan, kódà tẹ́ ẹ bá lo ìdajì bátìrì yẹn nìkan, á gbé e ju ogún wákàtí lọ tí kò bá sí nǹkan mìíràn lórí ẹ̀. Torí náà fa ìlà yàrá yẹn sórí ínfátà, kí wọ́n má bàa mú iná lọ lójijì nígbà tí ìyá yẹn wà nínú àdúrà.

Àwọn aláràbarà tó ń yí àwọ̀, fi wọ́n sílẹ̀ ní sọ́ọ̀bù, má so wọ́n síbẹ̀.

Ọmọ_Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ̀gbọ́n OníInáMàkún, mi ò fẹ́ bà yín lọ́kàn jẹ́ o, àmọ́ ilé òrìṣà ni yàrá yẹn, ṣé kò ní kó bá yín nínú ìgbàgbọ́ yín? Kápẹ́ńtà ni mí, wọ́n ti gbé irú ilé onígi yẹn wá bá mi rí kí n bá àwọn tún un ṣe, mo ní mi ò ṣe. Ó ṣì ń jẹ mí lọ́kàn títí di báyìí, mi ò mọ̀ bóyá mo ṣe dáadáa, ìdí tí mo fi ń béèrè nìyẹn.

BàbáÒdeRẹ́mọ

Ọmọ mi Ìkẹ́nnẹ́, o ò ṣẹ̀ nínú ohun tó o béèrè. Mùsùlùmí ni mí, mo ti ṣe wáyà ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti ṣe ti mọ́ṣáláṣí, wáyà kan náà ni. Nínú agbo ilé tí wọ́n bí mi sí, bàbá mi ń kírun, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ará ilé ìyá mi ń bọ Agẹmọ, abọ́ kan náà la sì ti ń jẹ ìkọ́kọrẹ́. Lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, tó o bá rí ẹgbẹ́ tó wọ aṣọ tó ń lọ sójúde ààfin Awùjalẹ̀, ṣé o lè fi ojú mọ ẹni tó ń kírun nínú wọn? Ẹni tó ní kó o ṣe iná fóun, ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ ẹ ni pé kí wáyà ẹ má jó òun àtàwọn ọmọ òun mọ́lé. Ṣe é dáadáa fún un. Tí ọkàn ẹ bá sì kọ̀ ọ́, sọ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó wá ẹlòmíì, ìyẹn náà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

OníInáMàkún, máa bá iṣẹ́ ẹ lọ.

ỌmọÌlíṣàn

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Mo kàwé ní ìlú Pune ní Íńdíà fún ọdún mẹ́rin, inú ilé ìdílé kan ni mo gbé, torí náà ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un.

Ẹ béèrè ibi tí wọ́n fẹ́ kí mandir kọjú sí kẹ́ ẹ tó gbẹ́ ògiri rárá. Ọ̀pọ̀ wọn ń tẹ̀ lé Vastu, ìyẹn ìlànà àtijọ́ wọn lórí bí ilé ṣe yẹ kó rí, igun tó wà láàárín ìlà oòrùn àti àríwá ni wọ́n máa ń yàn fún yàrá àdúrà, Ishan ni wọ́n ń pe igun yẹn, wọ́n sì máa ń fẹ́ kí ẹni tó ń gbàdúrà kọjú sí ìlà oòrùn. Igun tó wà láàárín ìlà oòrùn àti gúúsù ni ti Agni, iná gan-an, ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi kíṣìnì sí. Àwọn kan ò ka gbogbo ìyẹn sí o, ní Pune níbi tí ilé ti há, inú kọ́bọ́ọ̀dù pálọ̀ ni mandir ilé tí mo gbé wà, wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀ láàárọ̀, iná kékeré kan á tàn nínú ẹ̀, wọ́n á tì í lálẹ́ bí ìgbà tí wọ́n ń jẹ́ kí àgbàlagbà sùn. Àmọ́ tí wọ́n bá kà á sí tẹ́ ẹ sì ti lu ihò síbi tí kò yẹ, wọ́n á gbé mandir kúrò níbẹ̀, spótù yín á máa tàn sára ògiri lásán.

Diwali yẹn, ìtumọ̀ orúkọ ẹ̀ gan-an ni àtùpà tí wọ́n tò ní ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, láti inú Dipavali ló ti wá. Alẹ́ tí òṣùpá ò yọ rárá ni wọ́n ń ṣe é, ẹ lè rí ìdí tí wọ́n fi ń tan iná. Òṣùpá ni wọ́n fi ń ka oṣù bíi ti Ramadan, ọjọ́ ẹ̀ máa ń yí, àmọ́ kì í yí ká gbogbo ọdún bíi ti Iléyá tiwa torí wọ́n máa ń fi oṣù kan kún ọdún lẹ́yìn bíi ọdún mẹ́ta, ìyẹn ló jẹ́ kó máa wà láàárín October sí November. 2025, ogúnjọ́ October ló bọ́ sí, 2026, ọjọ́ kẹjọ November ni.

Lọ́jọ́ yẹn, diya alámọ̀ ni wọ́n máa tò sí ojú fèrèsé, sí àtẹ̀gùn, sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n á sì fi lúbúlúbú aláwọ̀ oríṣiríṣi ya àwòrán sílẹ̀, rangoli nìyẹn. Mi ò tíì rí ohun tó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ láyé mi, gbogbo àdúgbò á rọ̀. Wọ́n á tún fẹ́ ta àwọn iná wínníwínní onígílóòbù kéékèèké yẹn káàkiri, torí náà ẹ bá wọn fi ṣókẹ́ẹ̀tì kan tó ní ìbòrí òjò síta lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n má bàa máa fa ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n gba abẹ́ ilẹ̀kùn kọjá lórí rangoli. Níbẹ̀ ni aláràbarà ti wúlò.

ÌyáỌlọ́jàÒkèAjé

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ lẹ ń sọ, ẹ jẹ́ n sọ ọ̀rọ̀ iná. Ìyá mi ta ẹ̀kọ lálẹ́ ní ìta wa, fìtílà alámọ̀ ló wà lórí àtẹ ẹ̀, òwú àti àdín, ohun tí ìyá Íńdíà yẹn ń ṣe pẹ̀lú òwú nínú àtẹ́lẹwọ́ yẹn, mo rí ọwọ́ ìyá mi níbẹ̀ nígbà tí mo kà á. Mo mọ bí iná yẹn ṣe dùn ún wò tó. Mo sì mọ ohun tó lè ṣe.

Ilé mi ni mo ní igun àdúrà, mo máa ń tan àbẹ́là síbẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo dìde lọ dáhùn ẹnu ọ̀nà, atẹ́gùn fẹ́ kọ́tìnì, kọ́tìnì kan àbẹ́là. Kí n tó padà dé ó ti gun òkè dé pèmẹ́ẹ̀tì. Ọlọ́run ló yọ wá, ọmọkùnrin ẹnu ọ̀nà yẹn ló já kọ́tìnì bọ́ sílẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti fi iná sílẹ̀ láìsí ènìyàn nídìí ẹ̀.

Ilé onígi kékeré tó ní òrùlé, tí wọ́n wá ń tan àtùpà sínú ẹ̀? Bá wọn sọ̀rọ̀, kí àtùpà wà níwájú ẹ̀ níta, lórí àwo idẹ tó fẹ̀, kó má ṣe wà lábẹ́ òrùlé igi. Kí aṣọ, òdòdó gbígbẹ àti páálí má sún mọ́ ọn. Fáànù tó bá máa fa èéfín jáde, kó wà lókè níbi ihò atẹ́gùn yẹn, kó máa fà, kó má fẹ́ sí àtùpà. Àti pé kí àwọn ọmọ ilé mọ̀ ọ́n, tí òróró bá gbiná, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ da omi sí i, omi á fọ́n iná yẹn káàkiri ni. Ìdérí ìkòkò ni kí wọ́n fi dé e. Kí ìdérí yẹn wà nínú yàrá náà gan-an, kì í ṣe nínú kíṣìnì.

OníInáMàkún

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Mo ti ṣe é. Ó pẹ́ kí n tó padà wá sọ torí mo ní láti lọ Alábà lọ wá gílóòbù, 2700K tó ní CRI 90, gbogbo sọ́ọ̀bù tí mo kọ́kọ́ wọ̀ ni wọ́n ń sọ pé wọ́ọ̀mù ni wọ́ọ̀mù.

Bí Mámà Ìpẹru ṣe wí ni mo ṣe, ìyá àgbà ni mo bi, ìyàwó ilé ń túmọ̀. Mo tú bẹ́líìtì mi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí n tó wọlé. Ìyá yẹn rí i. Kò sọ̀rọ̀, àmọ́ láti ìgbà yẹn ló ti ń gbé tíì fún mi. Ó ní lóòótọ́ ìlà oòrùn lòun máa ń kọjú sí, igun tí wọ́n gbé mandir sí náà tọ̀nà, torí náà mi ò sún nǹkan kan. Ó ní òun kì í tan èyí tó ń jó mọ́jú àfi ní òru mẹ́sàn-án yẹn. Nígbà tí mo béèrè irú ìmọ́lẹ̀ tó fẹ́, ó ronú títí, ìyàwó wá túmọ̀ ẹ̀ fún mi pé: bó ṣe máa ń rí ní kùtù kí oòrùn tó yọ pátápátá.

Mo yọ páànẹ̀lì, mo fi spótù méjì 3 wáàtì síwájú pẹ̀lú dímà, sítírípù COB sẹ́yìn ère lábẹ́ igi, adápútà wà lẹ́yìn ògiri nínú kíṣìnì. Iná ìkàwé wà lápá òsì. Ẹ̀gbọ́n WáyàÒde, mo jókòó sílẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe wí, mo sì rí i pé spótù ọ̀tún hàn kedere níwájú orí Ganesha, ohun tí mi ò ní rí lórí ìdúró. Ó gbà mí ní wákàtí kan kí n tó rí ibi tí mo lè dẹ ẹ́ sí, mo ní láti ti ère mábù yẹn sún díẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ ìyá. Àtùpà ti kúrò nínú ilé onígi, ó wà níwájú ẹ̀ lórí àwo idẹ ńlá, ìdérí ìkòkò sì wà lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀fù. Ìyẹn ò rọrùn, ìyá àgbà ò kọ́kọ́ gbà, ó ní inú ilé onígi yẹn ló máa ń wà lọ́dọ̀ àwọn. Mo sọ ìtàn kọ́tìnì Ìyá Ọlọ́jà fún un, ìyàwó túmọ̀ ẹ̀, ó wo àwọn ọmọ ọmọ ẹ̀ méjèèjì, ó fúnra ẹ̀ gbé e jáde.

Ìrọ̀lẹ́ àná ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó. Mo ti ń kó irinṣẹ́ mi, ni wọ́n bá ní kí n dúró. Ó yí òwú ẹ̀, ó ṣáná, ó na ọwọ́ sí dímà, ó fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fúnra ẹ̀ títí àtùpà yẹn fi bọ́ síwájú tí spótù bọ́ sẹ́yìn, ó dúró níbẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣe tán, ó gbé àkàrà dídùn roboto kan lé mi lọ́wọ́, laddu ni wọ́n pè é, ìyẹ̀fun ẹ̀wà àti ṣúgà àti gíì. Ó ṣì gbóná.

Ìyá Ọlọ́jà, ẹ dákun, ṣé ẹ ṣì mọ amọ̀kòkò tó ń ṣe fìtílà alámọ̀ kéékèèké lápá Ìjẹ̀bú? Ìyàwó ilé ní òun ń wá ọgọ́ta fún Diwali, òun ò sì fẹ́ onírọ́bà. Ọ̀la ni mo máa lọ so ṣókẹ́ẹ̀tì ẹnu ọ̀nà yẹn.

ÌyáỌlọ́jàÒkèAjé

Mo mọ ìyá kan. Wá bá mi lọ́jà lọ́jọ́ Sátidé, mú òṣùwọ̀n dání.